Ìdajì Íǹṣì Mama Ṣọ́ọ̀kì

Bí o bá wọ ilé ìránṣọ náà láàárọ̀, ìró maṣíìnì mẹ́sàn-án ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà wàá gbọ́ ohùn Mama Ṣọ́ọ̀kì tó ń sọ fún ẹnì kan pé iṣẹ́ tó ṣe kò dára. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ọdún méjìlélógún ló ti ń jókòó sídìí tábìlì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì búlúù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá rán tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ aṣọ. Èyí tó bá dára, á tẹ́ ẹ sápá ọ̀tún. Èyí tí kò bá dára, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tó ti bàjẹ́, á dá a padà fún ẹni tó rán an, á sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn ń sá fún. “Ṣé ẹsẹ̀ lo fi rán èyí ni?” “Ẹni tó máa wọ èyí, ṣé èjìká mẹ́ta ló ní?” Òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí èébú. Lójú tirẹ̀, àánú ni. Ó gbà pé ẹni tó bá rí àléébù lára ẹnì kejì tó sì dákẹ́ kò fẹ́ràn ẹni náà ni. Nítorí náà, kò fi iṣẹ́ náà mọ sí ilé ìránṣọ. Ó máa ń tún kọ́là ìyàwó pásítọ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ fún olórí àwọn akọrin pé ohùn rẹ̀ ń lọ sókè jù. Ó ti sọ fún dókítà tó ń tọ́jú orúnkún rẹ̀ pé tábìlì rẹ̀ dọ̀tí, dókítà náà sì dìde, ó nu tábìlì. Ẹni tó bá ti mọ Mama Ṣọ́ọ̀kì kì í bá a jiyàn.

Ayé tẹ́ ẹ lọ́rùn, ká má parọ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń po tíì fún un láàárọ̀. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń pè lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bó bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́, orin ìyìn ló máa ń kọ lábẹ́ ahọ́n títí táá fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá tó ni ilé ìránṣọ náà fọkàn tán an débi pé kì í tún aṣọ kankan wò tí Mama bá ti wò ó tán.

Nígbà tí ọsibítù kan ní kí wọ́n rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì òun, iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, Ọ̀gá bá gba obìnrin kan sí i. Torí pé òun ló dé kẹ́yìn, Tuntun ni wọ́n ń pè é. Ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì máa ń fi àkísà kékeré kan nu maṣíìnì rẹ̀ kó tó jókòó sídìí rẹ̀. Oṣù méjì ni Ọ̀gá ní wọ́n máa fi dán an wò. Tí oṣù méjì bá pé, Mama Ṣọ́ọ̀kì ló máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ.

Pépà tí ọsibítù fi ránṣẹ́ ní kí gígùn aṣọ jẹ́ íǹṣì méjìlélógójì. Mama tẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ tí Tuntun rán sórí tábìlì, ó fa téèpù rẹ̀ le gbọin-gbọin bó ṣe máa ń fà á, ó sì wo ibi tó parí sí. Mọ́kànlélógójì àbọ̀ ni. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹsẹ̀ aṣọ náà, ó dá a padà. Ìkejì náà kúrú, ìkẹta náà kúrú. Aṣọ àwọn tó kù, tí wọ́n ń rán irú kan náà, pé láìkù síbì kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Tuntun wá síwájú tábìlì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ dání.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí mo ṣẹ́ etí ẹ̀. Ó pé.”

“Ó pé lọ́wọ́ ẹ, kò pé lọ́wọ́ mi,” ni Mama wí. “Ọwọ́ ta ni Ọ̀gá gbé iṣẹ́ lé?”

Tuntun padà lọ jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, téèpù méjì ló mú dání, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá. Ó ní òun ti ra òmíràn, bóyá èyí tí òun ń lò ni kò dára, àmọ́ méjèèjì ni wọ́n pe aṣọ náà ní méjìlélógójì.

 Mama gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. “Ọmọ mi, kò sí iye téèpù tó lè kọ́ ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́. Tó o bá ra mẹ́wàá, kúkúrú náà ni wàá máa rán.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, inú Mama sì dùn sí ọ̀rọ̀ náà, ó tún un sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó délé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Elérìn-ín, tí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín láyé yìí, nìkan ló dorí kodò sídìí maṣíìnì rẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Mama rí i, ó rò pé orí ló ń fọ́ ọ.

Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pàdé láti gbàdúrà. Nígbà tó kan Mama Ṣọ́ọ̀kì láti sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run fún, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ bá mi fi arábìnrin kan níbi iṣẹ́ wa sádùúrà,” ó ní. “Kò mọ iṣẹ́, kò sì fẹ́ kọ́. Téèyàn bá bá a wí, àwáwí ló máa ń wá. Àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí.”

Àwọn obìnrin náà mi orí. Ẹnì kan ní bí wọ́n ṣe wà lóde òní nìyẹn, ẹlòmíràn fi tirẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ Tuntun sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹnikẹ́ni tó di ojú. Ìyá àgbà tó ń darí ìpàdé wá béèrè pé, “Kí lorúkọ ẹ̀, ká lè dárúkọ ẹ̀ níwájú Olúwa?”

Mama Ṣọ́ọ̀kì kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. “Tuntun là ń pè é,” ó wí níkẹyìn, Tuntun náà ni wọ́n sì fi gbàdúrà. Ó ta á lára díẹ̀. Kó tó délé, ó ti gbàgbé.

Oṣù méjì ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé. Láàárọ̀ Sátidé, Mama jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó kọ lẹ́tà rẹ̀ sí Ọ̀gá. Kò gùn. Ó ní ọmọ náà ń gbìyànjú, àmọ́ kò gba ìbáwí, kò sì yẹ kó dúró. Ó ká a sínú báàgì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan lára àwọn aṣọ tí Tuntun rán, èyí tó fẹ́ tẹ́ síwájú Ọ̀gá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣe ojúṣe òun.

Ọkọ rẹ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣèlérí pé òun máa kan pákó kan sáàárín ògiri méjì nínú kíṣìnì kí ìkòkò lè rí ibi jókòó. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó yá téèpù ìyàwó rẹ̀, ó wọn àlàfo náà, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́: íǹṣì mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Kápẹ́ńtà àdúgbò rẹ́ pákó náà fún un. Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé e síbi tó yẹ kó jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ kan jókòó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kejì já bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Mama dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó káwọ́ gbera. “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ. Ojú yín ti lọ, ẹ ò kàn fẹ́ gbà ni. Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n bá yín wọ̀n ọ́n.”

“Bóyá kápẹ́ńtà ló rẹ́ ẹ jù,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì mú pákó rẹ̀, ó jáde.

Kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú pákó kan náà àti téèpù onírin kápẹ́ńtà. Pákó náà jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta géérégé. Ó na téèpù onírin náà sí àlàfo ògiri, ó wò ó, ó tún un wò. Àlàfo náà ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta.

“Ìyá àwọn ọmọ, wá wo nǹkan.”

Ó ti tẹ́ téèpù méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti kápẹ́ńtà àti ti ìyàwó rẹ̀. Orí wọn dọ́gba. Àmọ́ bí ojú ṣe ń bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya ara wọn. Níbi tí ti kápẹ́ńtà ti ka ọgọ́ta, ti Mama Ṣọ́ọ̀kì ṣì ń ka mọ́kàndínlọ́gọ́ta àti díẹ̀.

“Tiwọn ló bàjẹ́,” ni Mama wí.

“Irin ni, Ìyá àwọn ọmọ. Irin ò mọ bí wọ́n ṣe ń nà.”

 Mama mọ ẹni tó na tirẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi ń fà á le gbọin-gbọin, ní ìgbà àìmọye lóòjọ́, kò sì pààrọ̀ rẹ̀ rí, torí ó máa ń yangàn pé lẹ́yìn òun, téèpù náà ló pẹ́ jù nínú ilé ìránṣọ náà. Ó lọ sínú yàrá, ó tú báàgì rẹ̀, ó mú aṣọ Tuntun jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, ó gba téèpù onírin náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ẹsẹ̀. Méjìlélógójì ni. Kò lé, kò dín.

Ó jókòó sórí àpótí kíṣìnì. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, bí ẹni pé gbogbo ilé ìránṣọ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò ó. Ó rántí àwọn oníbàárà tó ti wá sọ rí pé aṣọ àwọn máa ń gùn díẹ̀, tí òun ní kí wọ́n nàró dáadáa. Ó rántí Tuntun pẹ̀lú téèpù méjì lọ́wọ́. Ó rántí ohun tí Jésù sọ, pé ìwọ̀n téèyàn bá fi ń wọn ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi wọn òun náà. Ó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́kọ̀ọ́ rí, ó sì kọ́ wọn dáadáa. Nígbà tó ń kọ́ wọn, àwọn ẹlòmíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbé omi tíì kaná. Nígbà tó ṣe, Mama ní, “Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá ra téèpù tuntun. Màá ya lẹ́tà yẹn, màá kọ òmíràn pé iṣẹ́ ọmọ náà ti dára sí i. Ó parí.”

“Dára sí i báwo?” ni ọkọ rẹ̀ béèrè. “Ṣé kò dára tẹ́lẹ̀ ni?”

Mama gbà pé ó dára.

“Níbo lo ti sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́?”

“Lójú gbogbo wọn.”

“Hẹn,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì ń ro ṣúgà nínú tíì.  Ọkùnrin náà ti bá a gbé pẹ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mama lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ pẹ́ ju gbogbo èèyàn lọ, kò sì tún kọ́là ẹnikẹ́ni ṣe. Nígbà tí ìsìn parí, ó lọ bá ìyá àgbà tó ń darí àdúrà, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un láìfi bò. Ó ní, “Àdúrà tá a gbà fún Tuntun níjọ́sí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká tún un gbà. Èmi lẹ máa gbà á fún.”

Ìyá àgbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ó dáa. Tìẹ yìí, a mọ orúkọ ẹ̀.”

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí Mama tó bọ́ suwẹ́tà tó wọ̀ lé aṣọ rẹ̀, ó dúró láàárín ilé, ó ní kí gbogbo wọn dá maṣíìnì dúró. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Ọ̀gá jáde láti inú yàrá rẹ̀ torí kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ iṣẹ́. Mama na téèpù àtijọ́ àti téèpù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sórí tábìlì, ó fi ìka hàn wọ́n.

“Téèpù mi ló ti nà,” ó ní. “Gbogbo aṣọ tí mo dá padà fún Tuntun ló pé. Ó sọ fún mi, mi ò gbọ́. Lójú yín ni mo ti bú u, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lójú yín. Tuntun, mo ṣẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

 Lójijì ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Elérìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ má bínú, Mama. A mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

“Pé téèpù yín nà. Ọdún kẹsàn-án tí mo débí rèé. Tí pépà bá ní méjìlélógójì, gbogbo wa la máa ń fi ìdajì íǹṣì kún un. ‘Ti Mama’ la máa ń pè é. Àá ní, ‘Ṣé o ti fi ti Mama sí i?’ ”

Mama wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ, tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé áyọ̀ọ̀nù rẹ̀ dúró. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dá a lóhùn. “Mama, ta ló fẹ́ gbọ́ èsì yín?”

“Tuntun ńkọ́? Ẹ̀yin náà ò sọ fún un.”

“A fẹ́ sọ,” ni Elérìn-ín wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. “Ẹ̀rù ló ń bà wá, pé tó bá fẹnu ẹ̀ sọ fún yín, ẹ máa béèrè ẹni tó sọ fún un.”

Ìyẹn dun Mama ju ọ̀rọ̀ téèpù lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wo aṣọ wọn tó pé, tó ń dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé ìbáwí òun ló sọ wọ́n di ẹni tó mọ iṣẹ́. Wọ́n ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún.

Ó wá kan Tuntun láti sọ̀rọ̀. Ó ti dìde, ó sì ń fi àkísà kékeré yẹn nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

“Mo ti foríjì yín, mà,” ó ní. “Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ ṣàyẹ̀wò ojú mi. Dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, mi ò gbà á gbọ́. Mo ní tí àgbà bíi tiyín bá ní ó kúrú, á jẹ́ pé èmi ni mi ò ríran. Lánàá ni mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò ní ránṣọ mọ́ láyé mi.”

 Mama rìn lọ sídìí maṣíìnì Tuntun, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ọ̀gá, ó ní òun kò kọ lẹ́tà mọ́, ẹnu lòun máa fi sọ ọ́: kí Tuntun dúró, torí ọmọ náà nìkan ló sọ òótọ́ fún òun nínú ilé yìí. Ọ̀gá ní ó ti dúró. Maṣíìnì mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà, Elérìn-ín sì ń béèrè sókè pé ta ló máa jẹ ìdajì íǹṣì tó ṣẹ́ kù báyìí. Mama ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ Mama kò yí padà. Aṣọ burúkú ṣì wà láyé, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wò ó. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, aṣọ kan ti ọ̀dọ̀ Tuntun wá, kọ́là rẹ̀ sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí àníàní níbẹ̀. Ọwọ́ Mama ti gbé ṣọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀, ó sì dùn. Ó gbé e mì. Ó dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó gbé aṣọ náà gba àárín maṣíìnì kọjá, ó tẹ́ ẹ síwájú Tuntun.

“Bá mi wò ó,” ó ní. “Ṣé ojú mi ni, àbí kọ́là yìí yẹ̀?”

Tuntun wò ó dáadáa, ó tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ojú yín kọ́, mà. Ó yẹ̀.”

“Ó dáa,” ni Mama wí. Ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, wọ́n sì jọ ń tú u.